Àpótí Ìsàlẹ̀

Ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá pín fóònù fún wọn,
mẹ́sàn-án, dúdú, páálí ṣì ń rùn lára wọn.
Ó ní, "Láti òní lọ, ìwé ti parí.
Kànga-dẹ̀rọ tí ẹ bá tún ṣe, inú èyí ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí.
Moróunkẹ́ yóò kọ́ yín."
Èmi ni Moróunkẹ́,
èmi tí mi ò tú páǹpù kan palẹ̀ rí.

Wọ́n gbà á bí ẹni gba ọmọ ọlọ́mọ,
wọn ò jù ú sílẹ̀, wọn ò gbé e mọ́ra.
Tìámíyù ní òun á máa fi gbọ́ bọ́ọ̀lù.
Òjédélé ní, "Ṣé kí ọ̀gá lè máa ṣọ́ wa ni?"
Mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé kò purọ́.
Bàbá Láògún kò sọ nǹkan kan.
Ó kàn fọwọ́ kan àpò àyà rẹ̀
níbi tí ìwé kékeré kan gbé ń sùn láti ọdún mọ́kàndínlógún,
tó fi rọ́bà páǹpù dì lámùrè.

Ọ̀sẹ̀ méjì, fóònù mẹ́sàn-án,
iṣẹ́ mẹ́rin péré ló wọlé.
Ọ̀gá ní kí n kọ̀wé ìkìlọ̀.
Mo yá bàtà rọ́bà,
mo jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà Bàbá, ó di Arówómọlẹ̀.

Oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣàwàdà lóṣù kejì.
Ó tàn sójú fóònù, fóònù di dígí,
ojú ara mi ni mo ń wò níbẹ̀.
Ìbéèrè mẹ́tàdínlógún, Òyìnbó ni gbogbo wọn.
Gírísì wà lọ́wọ́ Bàbá. Ó tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́.
Ó nu ìka mọ́ ṣòkòtò, ó tún tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́.
Ó wò mí, kò tilẹ̀ bínú.
"Ẹ̀rọ tí mo bá fọwọ́ kàn máa ń dá mi lóhùn."
Ó wá gbé etí lé páìpù
bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ inú oyún.
"Bẹ́ríǹ ni. Ó ti ń sunkún láti Ọjọ́bọ̀."
Mo wá inú fóònù títí,
kò sí àpótí fún ẹkún.

Mo bá àwọn tó ṣe é jà,
àwọn ọmọ tó jókòó sínú òtútù n'Íbàdàn:
ẹ gé ìbéèrè kù sí mẹ́ta,
ẹ fi Yorùbá kọ ọ́,
ẹ jẹ́ kí ẹnu ṣe ohun tí ìka olóyìnyín ò lè ṣe.
Wọ́n ní oṣù kan. Ó gba mẹ́ta.
Mo ní kí ọ̀gá di ojú tó fi ń ṣọ́ wọn
bí aago márùn-ún bá ti lù.
Ó ní, "Hùn." Ó dì í.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni òjò ká Bàbá mọ́ Ìjẹ̀rù,
ìwé àpò àyà mumi yó.
Ó sá a sórí tábìlì mi lójúewé-lójúewé,
ó ń kà, mò ń kọ.
"Màsífà, ilé onígéètì búlúù: ẹni tó so wáyà ṣìnà,
pupa ni dúdú níbẹ̀, ṣọ́ra.
Òkè-Ẹlẹ́rìn, ìyá Abẹ́ní: ọkọ rẹ̀ ti kú,
owó bẹ́ríǹ nìkan ni kó o gbà.
Sábó: ajá wà. Sùúrù lorúkọ rẹ̀."
Ó dákẹ́. "Ibo lo máa kọ ìyẹn sí?"
Bí a ṣe fi àpótí kan kún un nìyẹn, nísàlẹ̀ pátápátá,
tí kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lánàá, Tìámíyù dé Sábó fún ìgbà àkọ́kọ́.
Ajá yọ eyín sí i.
Ó yọ fóònù, ó wo ìsàlẹ̀, ó kígbe: "Sùúrù!"
Ajá jókòó.

Bàbá náà ti fi ohùn tirẹ̀ ránṣẹ́.
Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
"Ẹ̀yin inú fóònù, ẹ kú iṣẹ́ o."
Ó wá dúró díẹ̀, ó ń retí kí wọ́n dáhùn,
kó tó mẹ́nu kan páǹpù.

Báírò ṣì wà lápò àyà rẹ̀.
Mi ò bi í.